Ìtàn Irun Orí Obìnrin Dúdú, láti Òwú Dúdú dé Rílásà

Ohun tí ó mú mi dáwọ́ lé àkójọ yìí ni pé ìtàn irun orí obìnrin dúdú wà káàkiri lọ́wọ́ àwọn òpìtàn, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò ṣọ̀kan. Ìwé kan a ní obìnrin ará Amẹ́ríkà kan ni ó kọ́kọ́ rọ kóòmù gbígbóná, òmíràn a ní ará Faransé ni. Ìyá àgbà a máa búra pé òyìnbó ni ó kó irun nínà wá bá wa, nígbà tí ọmọge tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé rílásà kúrò lórí a máa sọ pé kí á fi irun sílẹ̀ bí Ẹlẹ́dàá ti dá a gan-an ni àṣà àwọn baba ńlá wa. Olúkúlùkù wọn ni ó ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, kò sì sí èyí tí ó ní gbogbo rẹ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí á kó ọ̀rọ̀ náà jọ ní èdè wa, kí àwọn tí ó ni orí lè mọ bí ọ̀rọ̀ orí wọn ti rìn.

Kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn ère tí wọ́n hú jáde ní Ilé-Ifẹ̀ fi hàn pé ṣíṣe orí lọ́ṣọ̀ọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, nítorí amọ̀ kì í ròyìn. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé Yorùbá kò pín irun sí méjì bí a ti ń pín in lónìí, pé èyí ni àdámọ́, èyí sì ni èyí tí a fi oògùn nà. Ìpín tí wọ́n mọ̀ ni irun tí a tọ́jú àti irun tí a pa tì. Obìnrin tí ó bá tú irun rẹ̀ sílẹ̀ tí kò yà á, tí kò dì í, tí ó sì gba ojúde kọjá, àwọn ará àdúgbò yóò rò pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́ ni, tàbí pé orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn Dàda nìkan ni a yọ̀ǹda fún, Dàda Awurú, ọmọ tí ó gbé irun rẹ̀ ti ọ̀run wá, tí a kì í ṣàdédé fi òòyà kàn lórí. Àwọn náà kò sì ṣe aláìtọ́jú, nítorí owó ẹyọ ni à ń so mọ́ irun wọn, tí a sì ń ṣe sàárà fún àwọn ọmọdé nítorí wọn. Àwọn òrìṣà pàápàá kò gbẹ́yìn. Ọ̀ṣun, Yèyé olóòyà iyùn, inú oríkì rẹ̀ ni òòyà ti di ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye. Elégùn Ṣàngó, ọkùnrin tòun ti irùngbọ̀n, a sì máa di irun bí abilékọ, nítorí ìyàwó òrìṣà ni a ń pè é. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ pé irun dídì wà lára ohun tí a fi ń mọ wúńdíá yàtọ̀ sí adélébọ̀.

Iṣẹ́ onídìrí tó ohun tí òpìtàn ń dúró tì. Ọmọbìnrin yóò jókòó sórí ẹní tàbí àpótí kékeré, yóò fi orí ti itan onídìrí. Onídìrí yóò tú irun àtijọ́, yóò fi òòyà onígi yà á láti ìdí, yóò fi àdí tàbí òrí pa á, yóò sì fi ìdí òòyà là á títí ojú ọ̀nà yóò fi tọ́ gbọnrangandan. Bí ó bá le jù, ọmọ á sunkún, onídìrí á sì gbá a ní èjìká pé kí ó dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá dì í láti iwájú lọ sí ìpàkọ́ tí ìdí rẹ̀ kò sì yọ síta, kòlẹ́sẹ̀ ni. Bí ó bá dì í láti ìpàkọ́ wá sí iwájú, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá gòkè lọ pàdé ní àtàrí, ṣùkú ni. Bí apá ọ̀tún àti apá òsì bá pàdé láàárín orí, pàtẹ́wọ́ ni. Panumọ́ ń bẹ, kọjúsọ́kọ ń bẹ, àgògo sì ń bẹ fún ìyàwó tuntun àti fún olórìṣà. Kò sí ẹni tí ń fi orí rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́ pé kí ó bá òun dì í, bẹ́ẹ̀ ni a kì í da irun tí ó já sí ibi tí ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ń tẹ̀.

Orí irun kíkó ni àríyànjiyàn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kì í ṣe àṣà ìbílẹ̀, nítorí pé òwú dúdú tí a fi ń kó o, ìsọ̀ òyìnbó ni ó ti wá. N kò fara mọ́ èyí. Àwọn ìyá wa ti ń ran òwú, wọ́n sì ti ń rẹ ẹ́ sínú aró kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Èkó. Ẹni tí ó bá ní òwú tí ó sì ní irun, kò dájú pé yóò dúró de àlejò kí ó tó mọ bí a ti ń fi ọ̀kan wé èkejì. Ohun tí ó tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù ni pé òwú ń na irun. Irun tí a kó fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí a bá tú u, yóò ti nà, yóò ti gùn lójú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, láìsí iná, láìsí oògùn. Ẹni tí ó bá sọ pé irun nínà kò jẹ́ nǹkan kan ju àfarawé òyìnbó lọ, kí ó kọ́kọ́ lọ dá ìyá rẹ̀ àgbà lóhùn lórí èyí.

Nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970, tí owó epo sì ń ya wọlé, orí obìnrin di ibi tí a ti ń ka ìròyìn: ogun parí ń bẹ lórí ọmọge, afárá Èkó ń bẹ, onílé gogoro ń bẹ, tí irun tí a fi òwú wé fi ń dúró gangan lókè orí. Ẹni tí gbogbo wa jẹ ní gbèsè ọpẹ́ níhìn-ín ni J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Emai ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Ẹdó lónìí, tí a bí ní 1930, tí ó sì kú ní 2014. Láti 1968 ni ó ti ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ojú pópó, sí ọ́fíìsì, sí òde ìgbéyàwó, tí ó ń ya irun àwọn obìnrin, púpọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn, tí a kò fi rí ojú wọn rárá. Àwòrán irun tí ó yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ó ya irun tí wọ́n ń pè ní Star Koroba ní 1971, ó ya Onílé Gogoro, tí ó tún pè ní Àkàbà, ní 1975, ó sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, gbọ́yìísọ̀yìí ni à bá máa sọ.

Ẹ jẹ́ kí á rékọjá òkun. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà kò rí òòyà gbé dání, wọn kò sì rí àyè jókòó di irun bí ti ilé. Ní 1786, ní Louisiana tí ó wà lábẹ́ ìjọba Sípéènì nígbà náà, gómìnà Esteban Miró pàṣẹ pé kí àwọn obìnrin dúdú, títí kan àwọn tí ó ti dòmìnira, máa fi aṣọ bo irun wọn. Àwọn obìnrin náà sì gbà, wọ́n lọ ra aṣọ aláràbarà, wọ́n fi wé gèlè tí òfin gómìnà fi di ohun ọ̀ṣọ́.

Ní ti kóòmù gbígbóná, ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì yẹ kí á fara balẹ̀ wò ó. Sarah Breedlove, tí ayé mọ̀ sí Madam C. J. Walker, ni a bí ní Delta ní Louisiana ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 1867. Alágbàfọ̀ ni, irun rẹ̀ sì ń re. Ó bá Annie Turnbo Malone ta oògùn irun kiri, ó kó lọ sí Denver ní 1905, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta tirẹ̀ níbẹ̀, ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí Indianapolis ní 1910, ó sì kú ní 1919 lẹ́yìn tí ó ti di ọlọ́rọ̀. Ìwé púpọ̀ ni ó sọ pé òun ni ó dá kóòmù gbígbóná sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sarah ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà tí Marcel Grateau, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí fi irin gbígbóná ṣe irun ní 1872. Walter Sammons ti Philadelphia ni ìjọba Amẹ́ríkà fún ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí kóòmù gbígbóná tí ó tún ṣe ní 1920, Walker sì ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. A'Lelia Bundles, tí Walker jẹ́ ìyá ńlá ìyá rẹ̀ àgbà, tí ó sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ní 2001, kò gbà pé òun ni ó dá a. Ohun tí Walker ń tà gan-an ni ìpara tí ń mú awọ orí sàn kí irun lè hù, imí-ọjọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ó lo kóòmù gbígbóná, ó sì fi kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í dùn bí a bá pè é ní ẹni tí ń na irun. Ní ìpàdé àwọn oníṣòwò dúdú ní Chicago ní 1912, Booker T. Washington, tí ó ṣe olórí ìpàdé náà, kò fẹ́ fún un láyè láti sọ̀rọ̀, obìnrin náà dìde dúró fúnra rẹ̀, ó sì sọ ọ́. Ní ti pé ta ni ó jí oògùn ta ni láàárín òun àti Malone, n kò ní dá sí ìjà orogún.

Rílásà ni ọ̀rọ̀ kàn wàyí. Garrett Morgan, ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n a máa dárúkọ bí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i, nígbà tí wọ́n ní ó ń wá òróró fún abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọdún tí wọ́n fi sí i lọ láti 1905 dé 1913, kí olúkúlùkù mú èyí tí ó wù ú. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi sódà na irun, n kò sì ní fi àkókò ṣòfò lórí tiwọn. Ẹni tí ó sọ ọ́ di òwò ńlá ni George E. Johnson ti Chicago. Ní 1954, ilé ìfowópamọ́ kọ̀ láti yá a lówó fún òwò. Ó gba ẹ̀ka mìíràn lọ, ó ní òun fẹ́ fi owó náà lọ gbafẹ́ ni, wọ́n sì fún un ní dọ́là 250. Tàwọn ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ ṣe. Kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí, ọjà rẹ̀ tí ń jẹ́ Ultra Sheen ti dé ọwọ́ àwọn obìnrin, ní 1971 ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì di àkọ́kọ́ ti ènìyàn dúdú tí a ń ra ìpín rẹ̀ ní ọjà American Stock Exchange.

Agbára tí ń bẹ nínú rílásà kò ṣe àjèjì sí ìyá tí ó bá ń se ọṣẹ. Sódà líle tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò ni ó wà nínú rẹ̀. Nínú fọ́nrán irun, ìdè imí-ọjọ́ ni ó di irun mú tí ó fi ká kò; sódà ń já ìdè náà, kì í sì í so padà bí ti àtẹ̀yìnwá. Ìdí nìyí tí irun tí a bá ti fi rílásà sí kò fi lè ká mọ́, àfi kí tuntun hù kí á gé èyí tí ó nà dànù. Sódà kò sì mọ irun yàtọ̀ sí awọ orí. Ní 1975, ìjọba Amẹ́ríkà fi ipá mú Johnson láti kọ ìkìlọ̀ sára ọjà rẹ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ aláwọ̀ funfun tí ń ta irú rẹ̀ rí àyè mí fún ìgbà díẹ̀ sí i. Èyí kò dára. Lẹ́yìn náà ni irú kejì dé, tí wọ́n ń po kálísíọ̀mù mọ́: ó dín títa kù lórí, ṣùgbọ́n ó ń mú irun gbẹ.

Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn obìnrin kan ti pa kóòmù gbígbóná tì. Òṣèré Cicely Tyson fi irun àdámọ́ hàn nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n ní 1963. Àwòrán tí àwọn ọlọ́pàá fi ń wá ajàfẹ́tọ̀ọ́ Angela Davis ní 1970 sọ irun Áfúrò di àmì ìjà ẹ̀tọ́. Johnson kò jókòó lásán, ó ṣe Afro Sheen fún àwọn náà. Ìgbà laṣọ, ìgbà lẹ̀wù. Ní 1981, obìnrin dúdú kan tí ń ṣiṣẹ́ ní American Airlines gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní New York nítorí pé wọn kò gbà kí ó di irun wá sẹ́nu iṣẹ́. Adájọ́ dá ilé iṣẹ́ láre, ó sì mẹ́nu bà á pé ìgbà tí òṣèré aláwọ̀ funfun kan ti di irú irun bẹ́ẹ̀ nínú sinimá ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀. Irun tí àwọn ìyá wa ti ń dì láti ayébáyé!

Ní ilẹ̀ Yorùbá, wíìgì àti kóòmù tí a ń gbé lé ẹyin iná ni ó ṣáájú. Rílásà tẹ̀ lé wọn, jẹ́rí kọ̀ọ̀lù, irun kíká tí a fi oògùn ṣe, sì kún un láàárín ọdún 1980 sí 1990, tí òróró rẹ̀ ń ba ìrọ̀rí jẹ́. Ní ìsọ̀ aṣerunlóge, a óò ti kìlọ̀ fún oníbàárà pé kí ó má ṣe yún orí kí ó tó wá, a óò fi básílínì yí etí àti ìpàkọ́ rẹ̀ ká, a óò fi ọwọ́ onírọ́bà pa ìpara náà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, a óò sì máa bi í pé, "Àǹtí, ṣé ó ti ń ta yín?" Ẹni tí ó bá ṣe agídí pé kò ì tíì nà tó, egbò ni yóò gbé lọ sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdí irun yóò tún hù jáde, ó di rítọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé kíyè sí i pé obìnrin kan náà tí ó fi rílásà sí irun ni yóò tún jókòó kí wọ́n fi àtáṣímẹ́ǹtì di ṣùkú fún un lórí rẹ̀. Nítorí náà ni n kò fi gba àwọn tí ń pe rílásà ní ìkórìíra ara ẹni gbọ́. Ọ̀pọ̀ ni ó ṣe é nítorí pé òòyà ń já irun wọn lárààárọ̀, tí iṣẹ́ sì ń dúró dè wọ́n.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ kò gbọdọ̀ gba àyè púpọ̀, nítorí kò tíì dúró. Ní 2019, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ fi irun dídì tàbí irun àdámọ́ du ènìyàn ní iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2022, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó tọpa obìnrin 33,497 fún bí ọdún mọ́kànlá jábọ̀ pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ mú 378 nínú wọn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé kí obìnrin tí kò lo oògùn tí ń na irun tó pé 70 ọdún, ewu náà jẹ́ 1.64 nínú 100, ti àwọn tí ń lò ó lemọ́lemọ́ sì jẹ́ 4.05. Wọn kò sọ pé oògùn náà ni ó fa àrùn, wọ́n ní àwọn méjèèjì ń bá ara wọn rìn. Ní Èkó àti Ìbàdàn, àwọn aṣerunlóge tí ń tọ́jú irun nátúrà ti ń pọ̀ sí i, òrí àti àdí sì ti padà sórí tábìlì.

Orúkọ irun tí a ti gbàgbé pọ̀ ju èyí tí a kọ sílẹ̀ lọ, Ojeikere nìkan kò sì lè ya gbogbo rẹ̀. Ẹni tí àwòrán ìyá rẹ̀ bá wà nínú àpótí, kí ó bi àwọn àgbà tí ó kù léèrè orúkọ irun tí ó wà lórí rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ náà, ìlú àti ọdún tí a yà á sẹ́yìn àwòrán kí àwọn àgbà náà tó lọ.