Ìpara Inú Àpótí Arìnrìn-àjò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrìn jìnnà ni a fi ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n arìnrìn-àjò kì í fẹ́ fi ojú nìkan rí nǹkan. Ó fẹ́ kí ọwọ́ òun náà mú nǹkan bọ̀ wálé. Bí a bá tú àpótí àwọn tó gba Tokyo tàbí Seoul kọjá lóde òní, ohun kan wà tí kì í wọ́n níbẹ̀, àní ohun ìtọ́jú awọ ara: omi ìparajú nínú ìgò, ìpara nínú ìkòkò kékeré, ọṣẹ, àti aṣọ tín-ín-rín alómi tí wọ́n ń tẹ́ lé ojú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo mọ oníṣòwò kan tó lọ wo ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Kòríà. Ìwé tí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀ kọ orúkọ ìpara sí fún un gùn ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ orúkọ ọjà rẹ̀ sí lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka irú ọjà bẹ́ẹ̀ sí fààrí lásán, ohun tí kò yẹ kí àgbàlagbà jókòó kọ ìwé lé lórí. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Awọ ara ni aṣọ tí a kò lè bọ́. Ohun tí a fi ń pa á kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú ìgò tí arìnrìn-àjò ń rà ní ilẹ̀ méjèèjì yìí, ìtàn méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn bí okùn. Èkíní ni ìtàn ìtọ́jú: ìmọ̀ àwọn ìyá àgbà nípa omi, òróró àti ohun tó ń jáde láti ilé ìdáná. Èkejì ni ìtàn ìfẹ́ àwọ̀ funfun, èyí tó ti ba ara ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ kí ó tó di ọjà ìgbàlódé. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yà sọ́tọ̀ lè fi owó kan náà ra oògùn àti májèlé.

A sábà máa ń sọ pé Òyìnbó ló kọ́ gbogbo ayé láti máa lépa àwọ̀ funfun. Ọ̀rọ̀ náà lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ ní Jàpáànì. Nínú Nihon Shoki, ìwé ìtàn àwọn ọba ilẹ̀ náà tí wọ́n parí ní ọdún 720, a kà á pé ní ọdún 692, àlùfáà Búdà kan tó ń jẹ́ Kanjo fi òjé ṣe àtíkè funfun, iṣẹ́ náà sì wu Ọbabìnrin Jito tó bẹ́ẹ̀ tó fi aṣọ ta á lọ́rẹ. Àwọn ará Pọ́túgà, tí wọ́n jẹ́ Òyìnbó àkọ́kọ́ tó gúnlẹ̀ sí Jàpáànì, kò dé ibẹ̀ títí di 1543. Èyí ni pé àtíkè funfun ti lò ju 800 ọdún lọ níbẹ̀ kí ojú wọn tó kan Òyìnbó. Òwe wọn kan tilẹ̀ wí pé àwọ̀ funfun a máa bo àbùkù méje mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí àtíkè máa bá arìnrìn-àjò rìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Láyé àwọn balógun Tokugawa, tí wọ́n ṣàkóso láti 1603 títí di 1868, ojúbọ ńlá tó wà ní Ise jẹ́ ibi tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń rìn lọ láti jọ́sìn. Ní agbègbè ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, ṣe àtíkè tí a mọ̀ sí Ise-oshiroi. Àwọn àwòrò Ise a máa kó o dání gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún àwọn olùjọsìn wọn káàkiri ilẹ̀ náà. Wọ́n ń fi í kun ojú, wọ́n sì ń fi í pa kòkòrò inú irun. Ní Edo, ìlú tí orúkọ rẹ̀ yí padà sí Tokyo ní 1868, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ kan tó ń jẹ́ Shikitei Sanba ṣí ilé oògùn, ó sì ń ta omi ìparajú kan tó pè ní ‘Omi Edo’ níbẹ̀ láti nǹkan bí 1811. Ọlọ́gbọ́n ọkùnrin ni. Ó ń dárúkọ omi náà nínú ìwé tó ń kọ, kí ẹni tó ń ka ìtàn lè mọ ibi tí yóò ti ra ìpara. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé tó ń ráhùn pé ìwé kò tà, ẹ gbọ́ ohun tí ẹlẹgbẹ́ yín ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo okùn kejì, èyí tí òjé àti mẹ́kúrì kò sí nínú rẹ̀. Obìnrin Edo a máa di eérí ìrẹsì sínú àpò aṣọ kékeré, a rì í sínú omi gbígbóná, a sì fi rọra pa ojú àti ara. Wọ́n a gé ìtàkùn kànìnkànìn ayaba, wọ́n a gba omi tó ń sun lára rẹ̀ sínú ìgò fún ojú pípa. Wọ́n tilẹ̀ ń sá ìgbẹ́ ẹyẹ kan gbẹ, wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì ń fi í fọ ojú. Ní 1813, ìwé kan tí wọ́n pè ní Miyako fuzoku kewaiden jáde, tó kó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ fún àwọn obìnrin. Àwọn ará Kòríà ní tiwọn ń lọ ẹ̀wà kéékèèké aláwọ̀ ewé di ìyẹ̀fun, wọ́n ń fi í wẹ̀, òróró èso camellia sì ni wọ́n fi ń pa irun. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí kò ní ṣe hàà. Eérú àti àdín ló ń di ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ ìyá wa. Òrí là ń fi pa ara nígbà ọyẹ́. Osùn là ń fi kun ìyàwó àti ọmọ tuntun. Àwọn ìyá tí kò gbọ́ èdè ara wọn rí mọ ohun kan náà: pé awọ ara ń fẹ́ ìmọ́tótó, ó sì ń fẹ́ ọ̀rá.

Okùn òjé ni ó wá já lójú gbogbo ayé. Ní 1887, wọ́n ṣe eré kabuki níwájú Ọba Meiji. Nakamura Fukusuke, gbajúmọ̀ òṣèré tó ń kó ipa obìnrin, kò lè dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ṣe ló ń gbọ̀n. Òjé inú àtíkè tó ti ń kùn fún iṣẹ́ rẹ̀ ló ti wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀rọ̀ náà ta ìlú jí, àtíkè tí kò ní òjé sì jáde sí ọjà ní 1904. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò tètè fi ti olójé sílẹ̀, nítorí pé ó ń lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa; ó di àwọn ọdún 1930 kí òfin tó lé e kúrò lọ́jà. Ní Kòríà, tí Jàpáànì fi agbára ṣàkóso láti 1910 sí 1945, oníṣòwò aṣọ kan, Park Seung-jik, gbé àtíkè Bakgabun jáde ní nǹkan bí 1916. Èènì ló kọ́kọ́ jẹ́ fún àwọn tó bá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó di ọjà tí gbogbo ìlú ń wá kiri. Òjé wà nínú òun náà. Ojú àwọn tó ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́, nígbà tó sì di 1937, ọjà náà kú.

Àwọn ilé iṣẹ́ tí orúkọ wọn wà lára ìgò lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré. Fukuhara Arinobu, apòògùn tó ti bá àwọn ọmọ ogun ojú omi ṣiṣẹ́, ṣí ilé oògùn Shiseido ní Ginza, Tokyo, ní 1872. Ní 1897, ilé oògùn náà gbé Eudermine jáde, omi ìparajú pupa tó gbajúmọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Kaesong, nínú àwọn ọdún 1930, ìyá kan tó ń jẹ́ Yun Dok-jeong ń fún òróró camellia tà. Ọmọ rẹ̀, Suh Sung-whan, ló dá ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Amorepacific lónìí sílẹ̀ ní 1945. Láti 1964 ni àwọn obìnrin tó ń bá ilé iṣẹ́ náà tajà ti ń kiri ojúlé dé ojúlé. Ní Busan, Koo In-hwoi bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìpara Lucky ní 1947. Ọmọrí ìkòkò ìpara náà ń fọ́ ṣáá, èyí ló mú kí ó kọ́ bí a ti ń ṣe ike. Láti orí ike ló ti dé orí rédíò. Ilé iṣẹ́ LG, tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wà ní pálọ̀ ọ̀pọ̀ wa, inú ìkòkò ìpara ló ti jáde.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn kò bá rìn, ọjà òkèèrè kò ní bá a dé ilé. Ìjọba Jàpáànì kò fàyè gba ìrìn-àjò afẹ́ sí òkè òkun fún gbogbo ènìyàn títí di oṣù kẹrin 1964. Ti Kòríà kò ṣí ìlẹ̀kùn tirẹ̀ pátápátá títí di oṣù kìíní 1989. Lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n Jàpáànì fi eré Kòríà tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Winter Sonata hàn ní 2003, àwọn obìnrin Jàpáànì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ lọ sí Seoul, wọ́n sì bá ilé ìtajà ìpara olówó pọ́ọ́kú níbẹ̀. Missha ti ṣí irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ ní 2002, níbi tí ìpara kan ti jẹ́ 3,300 won. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Ṣáínà dé. Ní oṣù kẹwàá 2014, Jàpáànì yọ owó orí kúrò lórí ohun ìṣaralóge tí àlejò bá rà, àwọn oníbàárà sì ya bò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí bakugai, ìyẹn ni pé kí ènìyàn máa rajà bí ẹni tí àdó olóró bú lọ́wọ́ rẹ̀, fi gba ipò ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ níbẹ̀ ní 2015. Ọjà àlejò kì í ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣá. Ní 2017, ìjà lórí ohun ìjà tí Amẹ́ríkà gbé sí Kòríà mú kí Ṣáínà dá ìrìn-àjò ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ sí ibẹ̀ dúró. Ní 2020, àrùn kòrónà sọ Myeongdong, àdúgbò ìpara ní Seoul, di ahoro.

Mo ti rìn ní Myeongdong nígbà tí ọjà ti tún kún. Ohun tó wú mi lórí jù lọ ni èènì. Mo ra ọṣẹ kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin tó gba owó lọ́wọ́ mi da ìpara wẹ́wẹ́ mẹ́fà sínú ọ̀rá mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n ní orúkọ fún un, deom ni wọ́n ń pè é, kò sì ní ìtumọ̀ míràn ju ohun tí ìyá ẹlẹ́wà ń ṣe fún wa nígbà tó bá bu ìkòtò kan lé e. Mo béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ń wá, wọ́n ní gwang ni, ìyẹn dídán ara. Àwọn ará Jàpáànì ní tiwọn a máa yin ojú tó bá dára ní mochi-hada, awọ ara tó dà bí ìrẹsì tí a gún nínú odó títí tó fi rọ̀ tó sì ń fà. Ta ni kò mọ̀ pé ará ilé iyán ni wọ́n?

Ṣùgbọ́n lórí ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dídán, wọ́n kọ ‘funfun’ sí i. Òfin Kòríà ti ọdún 2000 dá ìpara tó ń mú ara funfun mọ̀ bí ọ̀wọ́ kan pàtó. Ní Jàpáànì, bihaku, ‘ẹwà funfun’, jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpolówó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2013, Kanebo, ilé iṣẹ́ ńlá ní Jàpáànì, kó oríṣi ìpara 54 padà kúrò lọ́jà nítorí pé èròjà kan nínú wọn ń mú kí ara àwọn tó ń lò wọ́n bó tótòtó. Àwọn tó kàn ju 19,000 lọ. Ní 2021, Kao, tí Kanebo wà lábẹ́ rẹ̀, kéde pé òun kò ní máa kọ bihaku sára ọjà òun tuntun mọ́. Láti 692 títí di 2013, ìmọ̀ ti yí padà, òjé ti lọ, àyẹ̀wò ti dé, ṣùgbọ́n ìfẹ́ funfun ṣì ń gba owó orí lọ́wọ́ awọ ara.

Ìdí tí èyí fi kàn wá kò jìnnà. Ìpara tó ní mẹ́kúrì nínú ṣì ń bọ́ sí ọjà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tó ń bó ara sì ń fi owó rà á. Àdéhùn àgbáyé tó de mẹ́kúrì, tó sì ní kí a yọ ọ́ kúrò nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, Minamata ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìlú Jàpáànì tí mẹ́kúrì láti ilé iṣẹ́ kan ba ayé àwọn ará rẹ̀ jẹ́, tí a sì kọ́kọ́ kéde àìsàn náà ní 1956. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Jàpáànì ní 2013, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ tí àwòrò rẹ̀ ń pín àtíkè mẹ́kúrì ló wá di ilẹ̀ tí orúkọ ìlú rẹ̀ ń kìlọ̀ fún gbogbo ayé.

Nítorí náà, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ra ìpara ní Seoul. Ìpara tó ń dènà oòrùn wà níbẹ̀ tó dára. Omi ìrẹsì wà níbẹ̀ tí ìyá àgbà Edo yóò dá mọ̀. Kí ẹni tó ń rà á ka ara ìgò, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé èwo nínú okùn méjèèjì ni òun mú lọ́wọ́. Yorùbá ní adúmáadán, ó sì ní apọ́nbéporé. Oríkì ni méjèèjì, a kò sì sọ ọ̀kan di àbùkù èkejì. Adúmáadán ń dú, ó sì ń dán. Dídán náà ni àwọn ará Kòríà ń pè ní gwang, òun sì ni apá tó yẹ kí a máa gbé wálé nínú àpótí.