Ibi Tí A Ó Tẹ̀dó Sí: Ẹ̀kọ́ Láti Orí Òkè Ìdànrè

Láti ọwọ́ Alukoro Ẹgbẹ́

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ àti owó ilé ìwé ọmọ ló máa ń gba ìpàdé wa. Ní báyìí, ewú ti ń yọ lórí, ọ̀rọ̀ sì ti yí padà. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí a tètè túká: nígbà tí a bá fẹ́ padà sílé, níbo gan-an ni a ó kọ́lé sí, níbo sì ni gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ yóò wà?

Àwọn kan ní Odòde ni, lẹ́sẹ̀ òkè gan-an, kí àlejò lè máa rí wa. Àwọn kan ní Aládé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ ní ẹ̀bá títì ló dára jù. Ẹnìkan tiẹ̀ dìde, ó ní Òwènà ni olú ìjọba ìbílẹ̀ wa wà, kí ló wá dé tí a kò fi lọ síbẹ̀? Ní ìpàdé kan, ohùn lọ sókè débi pé alága ní láti lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta.

A rò ó pé kí a tó dìbò, ó yẹ kí a bi àwọn tó ti dáhùn ìbéèrè yìí ṣáájú wa léèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn baba ńlá wa yan ibùdó. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n gòkè. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Méjèèjì ló ní ìdí.

Ìgbà tí wọ́n gòkè

Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Ilé-Ifẹ̀ ni a ti ṣí wá, àti pé Olófin Arémitán ló ṣáájú wa. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n rí àwọn òkè wọ̀nyí, ẹnu yà wọ́n, wọ́n pariwo pé, “Ìdàn rè é!” Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ ìlú ti jáde. Àmì ẹsẹ̀ kan sì wà lára àpáta lókè títí di òní tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ Agbóógun.

Ẹni tó bá gun òkè náà yóò rí i pé kì í ṣe ẹwà nìkan ni wọ́n wò. Àwọn àpáta ibẹ̀ ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ìpele òkun, wọ́n sì yí ìlú àtijọ́ ká bí ọgbà. Àárín àwọn àpáta náà tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí wọ́n kọ́ ilé àti ààfin sí. Wọn kò ní láti mọ odi, Ọlọ́run ti bá wọn mọ ọ́n. Omi wà lókè, ọ̀nà tí ọ̀tá lè gbà wọlé kò pọ̀, ẹni tó bá sì dúró lórí àpáta yóò ti rí àlejò kí àlejò tó rí i. Ní gbogbo ìgbà tí ogun ń jà yíká ilẹ̀ Yorùbá, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fowó rà.

Òkè náà kì í ṣe ibi ìfarapamọ́ lásán. Ìlú ni. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀ pẹ̀lú agbo ilé àwọn ìjòyè, ojúbọ, àti ibi tí wọ́n ń sin àwọn ọba sí. Nígbà tí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ dé, orí òkè ni wọ́n gbé ilé ìwé lọ. Ọdún 1896 ni a máa ń dárúkọ fún ilé ìwé náà. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, orí òkè kan náà ni wọ́n kọ́ kóòtù sí. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Ẹni tó ń di ẹrù rẹ̀ kì í kọ́ ilé ìwé tuntun. Ní 1896, kò tíì sí ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀

Ibí yìí ni ìbéèrè tó máa ń jẹ wá lọ́kàn ti wá. Bí ó bá jẹ́ ogun nìkan ló gbé wọn gòkè, kí ló dé tí wọn kò sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ogun parí? Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí wọ́n fi fẹ́ parí ogun Kírìjì. Ní 1893, àwọn ọmọ ogun tú ká pátápátá. Ní 1897, òyìnbó kó Ìbíní. Àmọ́ 1923 ni ọdún tí gbogbo wa mọ̀ pé àwọn èèyàn wa kúrò lórí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló wà láàrin ìparí ogun àti ìsọ̀kalẹ̀.

Ní tiwa, ohun méjì ló ṣàlàyé rẹ̀. Èkíní ni pé ẹ̀rù lè gbé èèyàn dé ibì kan, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sin òkú síbẹ̀, tó ti bí ọmọ síbẹ̀, ẹ̀rù lè lọ kí ó má lọ. Ní ọdún kìíní ẹgbẹ́ wa tí a jọ gun òkè, a béèrè lọ́wọ́ màmá ọ̀kan nínú wa, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà, bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀. Màmá ní ohun tí òun gbọ́ ni pé ìyá-ìyá òun kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo agbo ilé ti kó ẹrù tán, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí ó dìde, ó ní, “Bí gbogbo yín bá lọ, ta ni yóò máa bá àwọn tó wà nílẹ̀ yìí sọ̀rọ̀?” Òun ló sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn nínú agbo ilé wọn. Màmá ní títí tó fi kú, apá òkè ni ó máa ń kọjú sí bó bá jókòó síta.

Èkejì ni kòkó. Kòkó kì í hù lórí àpáta. Ilẹ̀ igbó tó jinlẹ̀ ló ń fẹ́, irú èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ́nà Òwènà títí dé apá Ọ̀fọ́sù. Igi kòkó a máa lo bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó so, ní gbogbo ìgbà náà ni èèyàn gbọ́dọ̀ máa ro ó, kí ó máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá so, a ó ká a, a ó bò ó mọ́lẹ̀ kí ó dẹ̀, a ó sá a, a ó dì í sápò. Àpò kòkó kan a máa wúwo ju ọgọ́ta kìlò lọ. Ta ló fẹ́ rù ú gòkè, kí ó tún rù ú sọ̀ kalẹ̀ fún oníbárà? Àtẹ̀gùn tó wà ní òkè náà lónìí lé ní 600, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi márùn-ún sí i, síbẹ̀ àwa tí a kò ru nǹkan kan kọjá ìgò omi ń mí hẹlẹhẹlẹ ní ibi ìsinmi kejì.

Nínú iṣẹ́ báńkì tí a ń ṣe, bí oníbàárà bá wá yá owó, a kì í béèrè èrè nìkan. A máa ń béèrè ohun tí yóò ná an kí ó tó rí èrè. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé nígbà ogun, ìsàlẹ̀ ló gbówó lórí, nítorí ẹ̀mí ni wọ́n fi ń san án. Nígbà tí àlàáfíà dé tí kòkó sì gbòde, òkè ló wá gbówó lórí. Oko wà nísàlẹ̀, ọjà wà nísàlẹ̀, mọ́tò akẹ́rù kò sì lè gun àpáta. Lójoojúmọ́ ni àwọn ìyá wa ń fi orí san gbèsè òkè náà. Òkè kò yí padà. Ohun tó yí i ká ló yí padà.

Síbẹ̀, wọn kò fi òkè sílẹ̀ bí ẹni ju àkísà nù. Wọ́n fi ààfin sílẹ̀ ní ìdúró, wọn kò hú òkú ọba kankan, títí di òní ni àwọn ètùtù àti ọdún kan sì wà tó jẹ́ pé òkè ni a ti ń ṣe wọ́n. Nítorí pé wọ́n fi ọ̀wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣe di ohun tí ayé ń wá wò. Ní 2007, orúkọ Òkè Ìdànrè wọ ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Àwọn ìlú òkè mìíràn

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní 1830, àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ. Àpáta dáàbò bò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀dó sí, odò Ògùn kò sì jìnnà. Nígbà tí ogun lọ, wọn kò ní láti ṣí. Abẹ́òkúta ṣì wà níbi tó wà.

Ti Òkèhò yàtọ̀. Orí òkè ni àwọn náà sá sí nígbà ogun, ìlú mélòó kan ló sì para pọ̀ di ọ̀kan níbẹ̀. Ní 1916, àwọn àti Ìsẹ́yìn dìde sí ètò ìjọba tuntun tí òyìnbó gbé lé wọn lórí. Ìjọba tẹ̀ wọ́n rì, nígbà tó sì di 1917, wọ́n mú kí wọ́n kúrò lórí òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Òkèhò Ahoro. Àwọn baba wa ṣí ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n kò sí sójà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá tètè ronú yóò yan ibùdó fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ jù, ẹlòmíràn lè bá a yàn án.

Ohun tí èyí kọ́ wa

A kò fẹ́ kí ìtàn yìí jẹ́ ìtàn lásán. Ìbò wa ń bọ̀, owó tí a fi ọdún mẹ́wàá dá jọ ni a fẹ́ ná, àwọn kan nínú wa yóò sì fi owó ìfẹ̀yìntì wọn lé e. Bí a bá ṣì í, kò sí ọdún mẹ́wàá mìíràn tí a ó fi tún un dá.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a wo omi. Òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta kì í wọlẹ̀, ńṣe ló ń ṣàn, ó sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ti ń tọ̀ kí a tó bí baba wa. Ọ̀kan nínú wa ra ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kò bi àgbà kankan léèrè. Òjò ọdún àkọ́kọ́ gba ìyẹ̀wù rẹ̀ kọjá. Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀ wa níbi púpọ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga lè bá a pàdé kí ó tó bá omi pàdé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ra ilẹ̀ tí kò tíì rí ní oṣù kẹsàn-án àti ní oṣù kejì.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ibùdó yóò máa ná wa lójoojúmọ́, kí a má wo iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ nìkan. Ẹ̀bá títì Àkúrẹ́ dára fún ẹni ogójì ọdún tó ní mọ́tò. Nígbà tí a bá di ẹni àádọ́rin, ta ni yóò gbọ́ igbe wa lóru? Ibi tí ilé ìwòsàn, ọjà àti aládùúgbò wà ni àtẹ̀gùn rẹ̀ kéré jù.

Ẹ̀kẹta, Aládé àti Àtọ́sìn ní àwọn tó ni wọ́n àti ìtàn tiwọn. Bí a bá fẹ́ lọ síbẹ̀, ká lọ bí ọmọ tó wá tọrọ àyè, kì í ṣe bí olówó tó wá ra ìlú.

Ẹ̀kẹrin, ibi yòówù tí ìbò bá gbé wa lọ, kí á má gbàgbé òkè. A dá a lábàá pé kí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó gbọ̀ngàn náà lọ sí ìmọ́tótó ọ̀nà àti ilé àtijọ́ lókè, lọ́dọọdún, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó ń bójú tó o.

Àwa kò ní sọ ibi tí a ó dìbò fún nínú ìwé yìí, kí alága má baà tún lu agogo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó síbi àsè lónìí, ẹ gbójú sókè díẹ̀. Àpáta náà ń wò wá. Ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà béèrè ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. Bí a bá padà wálé, tí a tẹ̀dó síbi tó tọ́, àwa ni ìdáhùn rẹ̀.