Ẹyẹ Kékeré Accra Nínú Àgò Òkèèrè

Ní Accra, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ idẹ kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Spermestes cucullata, máa ń fi koríko kọ́ ìtẹ́ roboto sórí igi àgbàlá, níbi tí takọtabo ti ń sàba lé ẹyin, tí wọ́n sì ń pọ̀ oúnjẹ sẹ́nu ọmọ. Irú ẹyẹ báyìí ni wọ́n máa ń dẹ kó lọ sí Yúróòpù tẹ́lẹ̀, Ghana sì kọ ọ̀pọ̀ wọn sínú Àfikún Kẹta CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá inú igbó, ní 1976. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ẹyẹ mú kí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá kíkó ẹyẹ igbó wọlé dúró ní 2005, tí ó sì di òfin pátápátá ní 2007, ó di dandan fún àwọn olùsìn ẹyẹ ibẹ̀ láti mú wọn bí nílé, kí wọ́n sì máa wá èso koríko tútù, tí omi rẹ̀ kò tíì gbẹ, fún ìyá àti bàbá tó ń bọ́ ọmọ.