Òṣùwọ̀n Àròkọ: Láti Ayé Cambridge Títí Di Òní

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bi tèmi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Ìrèé kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì fún mi lórí ọjà ìlú wọn. Ó ní òun gbọ́ òórùn irú kí òun tó rí àwọn tí ń tà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó lò jẹ́ èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún etí nìkan. Mo fi bíróò pupa fà á. Àṣìṣe 23 ni mo kà, máàkì tí mo fún un kò sì tó èyí tí a fi ń yege. Alẹ́ ni mo tó rántí pé nínú gbogbo òkìtì ìwé ọjọ́ náà, tirẹ̀ nìkan ni ọjà wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́.

Níbo ni mo ti kọ́ irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀? Kí a tó ní ìgbìmọ̀ ìdánwò tiwa, Cambridge àti London ni ó ń dá àwọn ọmọ wa wò. Láyé ìwé ẹ̀rí Cambridge, ẹni tí ó bá fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì pàdánù gbogbo ìwé ẹ̀rí náà, ìbáà mọ ìṣirò bí ẹni mọ owó. Ní 1950, G. B. Jeffery láti London dábàá ìgbìmọ̀ kan fún àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì; òun ni WAEC tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Ìbàdàn pàápàá, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ń ṣe ìdánwò fún oyè London títí di 1962.

N kì í ṣe ọ̀tá WAEC. Ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe ń pín máàkì 50 àròkọ Gẹ̀ẹ́sì: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò rẹ̀, 20 fún ìlò èdè, 10 fún pípéye gírámà, àmì àti àkọtọ́. Abala ìkẹyìn yìí ni a ti ń yọ ìdajì máàkì fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Bí àṣìṣe bá pé 20, máàkì 10 náà tán; ṣùgbọ́n 40 ṣì wà nílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè jà fún. Àwa olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni a di ìdajì máàkì mú tí a sì gbàgbé ìyókù. Kíka àṣìṣe kò le. Kíka àròkọ ni ó le.

Ìwádìí tí ó yẹ kí ó là wá lójú kò jìnnà sí wa. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí ó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn ti Yorùbá kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi díwọ̀n wọn, ta ni ìbá mọ ohun tí ó wà nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn?

Lónìí, ọmọ lè yege Gẹ̀ẹ́sì JAMB láìkọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Yíyan ìdáhùn ni, lórí kọ̀ǹpútà, láti 2015. Ẹni tí ó bá sì gba ọ̀nà yìí wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni yóò lọ kọ́ ọmọ ní àròkọ ní Òkè-Ìlá tàbí ní Ọ̀rà.

Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ mi padà. Ó bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni imú wá ń ṣe ní èdè tiwọn?” A fi Yorùbá tú u wò. Ó tún àròkọ náà kọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú fáìlì, mo sì fún un ní máàkì lórí bí ìkẹta ṣe yàtọ̀ sí ìkíní. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ojúsàájú ni. Òmíràn bi mí pé ta ni yóò ráyè ka ìwé mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì tí èrò kún bí ọjà. N kò rí ìdáhùn fún un. Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, èmi náà kò ráyè.