Ilé Ìkàwé Yunifásítì Ti Dénú Fóònù Wa, Ṣùgbọ́n Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ẹ fa àga súnmọ́, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ìtàn ilé ìkàwé yunifásítì ni, ṣùgbọ́n inú oko kòkó ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà òjò ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n màmá mi mú mi lọ sóko wọn ní Bọ́lọ́rundúró níbí. Èso kòkó tí ò tíì pọ́n ti ń dúdú lórí igi, ó ń jẹrà. Wọ́n ti ra oògùn, wọ́n ti fọ́n ọn, owó ti lọ. Wọ́n wá wojú mi, wọ́n ní, "Ìwọ tó o lọ sí yunifásítì, kí ni ìwé sọ?"

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, mi ò ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní fóònù, mo sì ní dátà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wá a."

Lóru ọjọ́ yẹn, mo wá a lórí Google Scholar. Ìwé ìwádìí kan jáde, nípa àrùn yẹn gan-an. Inú oko kòkó Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ti ṣe ìwádìí ọ̀hún! Mo tẹ̀ ẹ́. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ṣí. Wọ́n ní kí n san ju 30 dọ́là lọ kí n tó rí ìyókù. Mo gbìyànjú ímeèlì tí ilé ìwé fún mi nígbà tí mo wà níbẹ̀, wọ́n ti tì í pa lẹ́yìn tí mo jáde.

Ẹ wá wo ibi tí mo jókòó sí o. Bọ́lọ́rundúró wà láàárín Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Tí mo bá wọkọ̀ lọ sápá Àkúrẹ́, FUTA wà níbẹ̀, pẹ̀lú Albert Ilemobade Library wọn. Tí mo bá wọkọ̀ lọ sápá Oǹdó, yunifásítì Adéyẹmí àti UNIMED ló wà níbẹ̀. Ilé ìkàwé yunifásítì wà lọ́tùn-ún mi, ó wà lósì mi, íntánẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ mi ò lè ka ohun tí wọ́n kọ nípa kòkó ilẹ̀ wa.

Báwo la ṣe débí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u wò.

Màmá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìkàwé. Mo kọ́kọ́ lọ bá wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin ò mọ káàdì."

Lóòótọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Láyé ìgbà yẹn, ìwé tó bá wọ ilé ìkàwé máa ń ní káàdì mẹ́ta ó kéré tán: ọ̀kan fún orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọ̀kan fún àkọlé, ọ̀kan fún ohun tí ìwé náà dá lé. Wọ́n á fi táípù tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tò ó ní ABD sínú dúrọ́ọ̀ gígùn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì gba ihò ìsàlẹ̀ gbogbo káàdì kọjá kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ọ́ lọ sílé.

Àmì orí káàdì ló máa ń mú ènìyàn dé ibi tí ìwé wà. Nínú ètò Library of Congress, PL8821 ni ìwé nípa èdè Yorùbá ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ètò Dewey, 496.333 ni. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà yìí lẹ́yìn ìwé lọ́jọ́ kan, ẹ mọ̀ pé ilé yín lẹ dé yẹn.

Màmá ní tí àwọn bá ṣi ẹyọ lẹ́tà kan tẹ̀, ó di kí wọ́n tún káàdì mìíràn tẹ̀. Tí ẹnì kan bá sì fi káàdì sí dúrọ́ọ̀ tí kò yẹ, ìwé yẹn ti sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ wà lórí pákó níbẹ̀ tó ń wò yín.

Ẹni tó bá wá láti Bọ́lọ́rundúró á wọ mọ́tò, á ṣí dúrọ́ọ̀, á da nọ́ńbà kọ sórí bébà, á wá rìn káàkiri láàárín pákó. Tí ẹlòmíì bá ti yá ìwé náà, ó di ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ òire. Owó ọkọ̀ ti wọlé.

Lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun náà, káàdì ni. Ní 1967, àwọn ilé ìkàwé yunifásítì ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, para pọ̀ dá OCLC sílẹ̀. Ní 1971, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà láti pín iṣẹ́ náà ṣe: ilé ìkàwé kan á ṣe àkọsílẹ̀ ìwé lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kù á lò ó. OCLC yìí náà tún ń tẹ káàdì tà. Ẹ mọ ìgbà tí wọ́n tẹ èyí tó kẹ́yìn? October 2015. Instagram ti pé ọdún márùn-ún nígbà yẹn o!

Ṣùgbọ́n ní tiwa, kì í ṣe káàdì ló ba nǹkan jẹ́. Náírà ni.

Iṣẹ́ ìwádìí tuntun kì í kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ńlá. Inú jọ́nà ló ti ń jáde, ìwé àtìgbàdégbà tí ilé ìkàwé ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Dọ́là àti pọ́n-ùn ni wọ́n sì ń gbà. Ní 1985, dọ́là kan ò tó náírà kan. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé SAP dé. Nígbà tó fi máa di 1990, nǹkan bí náírà mẹ́jọ ni dọ́là kan.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ò rí owó jọ́nà san mọ́. Ẹ wọ àwọn ilé ìkàwé wa tó ti pẹ́, ẹ wo pákó jọ́nà dáadáa: ẹ ó rí ibi tí ọdún ti ń bọ̀ létòlétò, tó wá dúró gbọnin-gbọnin ní àárín àwọn ọdún 1980. Màmá ní, "Àá ṣì máa nu eruku orí àwọn ti àtijọ́ ni."

Àárín ìgbà yẹn náà ni wẹ́ẹ̀bù bẹ̀rẹ̀. Ní 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní Geneva, mú àbá kan wá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń dé síbẹ̀, wọ́n ń lọ, ohun tí wọ́n kọ ń sọnù sínú oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà. Ó ní kí wọ́n so gbogbo rẹ̀ mọ́ra kí ènìyàn lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ẹ ò rí i pé ìṣòro ilé ìkàwé ni wọ́n fẹ́ yanjú! Ní 30 April 1993, CERN yọ̀ǹda wẹ́ẹ̀bù fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́fẹ̀ẹ́ ni o. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló ní tẹlifóònù nílé ní Nàìjíríà ní 1993? August 2001 ni fóònù GSM tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Torí náà, wọ́n kọ́kọ́ di ilé ìkàwé sínú àpótí fún wa. Ní 1999, Yunifásítì Cornell gbé TEEAL jáde: jọ́nà iṣẹ́ àgbẹ̀ lóríṣiríṣi tí wọ́n dà sórí síìdì, tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú fún ilé ẹ̀kọ́ láwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò sí.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni eGranary, tí a lè pè ní àká. Cliff Missen, ará Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Jos, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n gbàyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ìkànnì, wọ́n da ẹ̀dà àwọn ìkànnì náà sórí ẹ̀rọ kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá fún ilé ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó, á máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ kò sí íntánẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀. Bí a ṣe ń kó àgbàdo pamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó wẹ́ẹ̀bù pamọ́.

Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní January 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà bẹ̀rẹ̀ HINARI, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ láwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa lè ka jọ́nà ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́. Ní 2003, AGORA dé fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní November 2004, Google Scholar dé.

Ẹ fi ọkàn sí ibí yìí: ilé ẹ̀kọ́ ló ń forúkọ sílẹ̀ fún HINARI àti AGORA, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ilé ìkàwé ni password máa ń wà. Màmá ní inú ìwé kékeré kan ni àwọn kọ ọ́ sí, inú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá ni ìwé náà ń sùn. Káàdì ti kúrò nínú dúrọ́ọ̀, password ló wá bọ́ síbẹ̀.

Káàdì náà ńkọ́? Ní January 2000, ilé ìkàwé kan ní New Zealand bẹ̀rẹ̀ sí í lo Koha, ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìkàwé tí ẹnikẹ́ni lè gbà láìsan kọ́bọ̀. Ní èdè Māori, "koha" túmọ̀ sí ẹ̀bùn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà ló ń lò ó lónìí. Ẹni tó wà ní Bọ́lọ́rundúró lè fi fóònù wò ó bóyá ìwé wà níbẹ̀ tàbí wọ́n ti yá a, kó tó wọ mọ́tò.

Ní 2002, MIT àti Hewlett-Packard gbé DSpace jáde. Òun ni ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń gbé iṣẹ́ tiwọn gan-an sórí wẹ́ẹ̀bù: àpilẹ̀kọ oyè, ìwé ìwádìí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fojú kéré èyí. Samuel Johnson kọ ìtàn àwọn Yorùbá parí ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló padà lọ kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó tún un kọ, tí ìwé náà fi jáde ní 1921. Lónìí ó wà lórí Internet Archive, ẹ lè kà á lálẹ́ òní. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àpilẹ̀kọ oyè wa ló ṣì wà ní ẹ̀dà kan ṣoṣo lórí pákó kan, tí ikán ń wò lójú?

Mi ò sọ pé wẹ́ẹ̀bù ti yanjú gbogbo rẹ̀ o. Ní March 2020, Kòrónà ti ilé ìwé pa, ASUU náà bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí ò parí títí December. Ilé ìkàwé tì. Ẹni tí password rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti ilé rí ìwé kà. Ẹni tí tirẹ̀ ò ṣiṣẹ́ àyàfi nínú ọgbà ilé ìwé jókòó lásán. Ní 14 March 2024 ńkọ́? Okùn íntánẹ́ẹ̀tì já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, MainOne wà lára wọn, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń falẹ̀ bí ìgbín ní Nàìjíríà. Ọjọ́ yẹn, ìwé orí pákó ò ṣàìsàn.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé nígbà káàdì, ọ̀nà jíjìn ló dí wa lọ́wọ́. Nígbà SAP, owó ni. Wẹ́ẹ̀bù ti gé ọ̀nà kúrú, ó sì ti dín owó kù fún ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé nìkan ló ń ṣílẹ̀kùn fún. Ọjọ́ tí ẹ bá jáde ní yunifásítì, ẹ ti di àlejò nìyẹn. Àgbẹ̀ tí wọ́n lọ ṣèwádìí lóko rẹ̀ ò tiẹ̀ wọ ilé rí.

Mo wá mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé kan lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi kọ́ mi: Lọ́nà kìíní, lábẹ́ àbájáde Google Scholar, tẹ ibi tó kọ "All versions", ẹ̀dà ọ̀fẹ́ lè wà níbẹ̀. Lọ́nà kejì, fi Unpaywall sórí kọ̀ǹpútà rẹ, yóò máa wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó bófin mu fún ọ. Lọ́nà kẹta, kọ ímeèlì sí ẹni tó kọ ìwé náà, torí òun kọ́ ló ń gba 30 dọ́là yẹn.

Ti ìmeèlì ni mo ṣe. Ọjọ́ kẹrin, PDF dé, pẹ̀lú "ẹ ṣeun tí ẹ béèrè".

Mo kà á fún Bàbá lójú oko. Phytophthora megakarya ló ń fa àrùn náà. Ó ń gbé inú ilẹ̀, òjò á ta á mọ́ èso ìsàlẹ̀, á sì máa gùn lọ sókè. Kéèyàn tó sọ̀rọ̀ oògùn, kó máa já èso tó ti dúdú léraléra, kó kó o kúrò lóko, kó sì gé ẹ̀ka tó bo ara wọn kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Bàbá dákẹ́. Wọ́n wo òkìtì èso dúdú tí wọ́n ti já sílẹ̀ sábẹ́ igi, wọ́n ní, "Abẹ́ igi náà la máa ń dà á sí láti ọjọ́ yìí."

Wọ́n gbé agbọ̀n, èmi náà gbé ọ̀kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà ní yunifásítì, tẹ́ ẹ bá kọ project tán, ẹ bi ilé ìkàwé yín bí ẹ ṣe lè gbé e síbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ béèrè bóyá ilé ìkàwé yín ń gba àwọn tó ti jáde wọlé. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ béèrè ìdí.