Ọ̀rọ̀ Wo La Ó Fi Pe Olùdìbò Tó Ṣípò?

Ọdún 2026 ni ìdìbò gómìnà Èkìtì bọ́ sí. Ọdún kan náà ni ìdìbò ilé aṣòfin tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń dì láàárín sáà ààrẹ wọn bọ́ sí pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń ka ìròyìn lórí rédíò ní Adó-Èkìtì yóò ní láti sọ nípa méjèèjì lédè Yorùbá. Nínú ìròyìn Amẹ́ríkà, olùdìbò ló máa ń ṣe gbogbo nǹkan: òun ló kúrò lẹ́yìn ẹgbẹ́ kan, òun ló bọ́ sẹ́yìn èkejì, òun ló bínú jókòó sílé. Nínú ìròyìn tiwa, olóṣèlú ló ń ṣe é. Ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó kọ̀yìn sí ẹgbẹ́, ó já ẹgbẹ́ jù sílẹ̀, ó ti dìkáǹpù, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ dání. Àwọn èèyàn náà wá di ẹrù tó ń gbé láti ilé kan lọ sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí pé ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Erio dé Arámọ̀kọ, dé Ẹ̀fọ̀n, dé Ìjerò, olùdìbò kì í ṣe ẹrù ẹnikẹ́ni. Èsì ìdìbò ti fi hàn léraléra.

Àwọn àgbà onímọ̀ èdè ti la ọ̀nà fún ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tuntun. Apá kìíní ìwé Èdè Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984; apá kejì, lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì, jáde ní 1990. Ìwé òfin 1999 fàyè gba Yorùbá nílé aṣòfin àpapọ̀ ní abala 55, abala 97 sì fàyè gba èdè ìbílẹ̀ nílé aṣòfin ìpínlẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn aṣòfin la ṣe ìwọ̀nyí fún. Ẹni tó wà lórí ìlà nínú oòrùn, tó ń dúró de ìwé ìdìbò, ni mo ń wá ọ̀rọ̀ fún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ìdìbò Amẹ́ríkà náà. 'Ìdìbò àárín sáà' ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu, ṣùgbọ́n sáà ta ni? Àwọn 435 tó wà nílé aṣojú-ṣòfin wọn, ọdún méjì péré ni wọ́n ń lò, sáà tiwọn sì ti fẹ́ tán pátápátá nígbà náà. Nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́nétọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń padà lọ bẹ ará ìlú. Ààrẹ nìkan ló wà láàárín sáà, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lórí ìwé ìdìbò. 'Ìdìbò àárín sáà ààrẹ' ló péye. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ 'ààrẹ' kúrò, ọmọ iléèwé á rò pé ìsinmi àárín sáà là ń wí.

Bí a bá sì ti pè é bẹ́ẹ̀, ará Èkìtì á rí i pé òun náà ní ohun tó jọ ọ́. Ìdìbò gómìnà wa kò bá ti ààrẹ rìn mọ́ láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2010, nígbà tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlọrin gba ipò lọ́wọ́ Ṣẹ́gun Òní, tí wọ́n ní Káyọ̀dé Fáyẹmí ló wọlé. Ọjọ́ kejì ni Fáyẹmí búra, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin sì ń kà láti ibẹ̀: 2014, 2018, 2022. Ààrẹ á ti lo bí ọdún mẹ́ta lórí àlééfà kí Èkìtì tó jáde. Ṣùgbọ́n ibi tí ìdìbò wa ń já sí yàtọ̀ sí tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, láti 1934 títí di 2022, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ẹgbẹ́ ààrẹ jèrè ìjókòó nílé aṣojú-ṣòfin nínú irú ìdìbò bẹ́ẹ̀: 1934, 1998 àti 2002. Ní 2010, ẹgbẹ́ Obama pàdánù ìjókòó 63. Ní Èkìtì, ẹgbẹ́ tó wà ní Àbújá ló wọlé lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, PDP nígbà Jonathan, APC nígbà Buhari lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí ará Amẹ́ríkà ti ń fi ìbò fa ààrẹ létí, àwa máa ń wo ibi tí owó àti agbára wà, a sì máa ń rí ọlọ́pàá àti sọ́jà ní oríta lọ́jọ́ ìdìbò.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ bí ọjọ́ iwájú ẹgbẹ́ kan ṣe rí kò gbọdọ̀ lo 'ìrètí'. Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹnikẹ́ni lẹ́yìn náà lè ní ìrètí. Ohun tí àwọn ènìyàn wa ń sọ ni pé 'wọ́n lẹ́sẹ̀ nílẹ̀', wọ́n sì tún ń sọ pé 'ọwọ́ òkè wà lẹ́yìn wọn'. Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn, wọn kò sì dúró fún ohun kan náà: ti àkọ́kọ́, ará ìlú ló wà lẹ́yìn wọn; ti èkejì, ìjọba òkè ni. Ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ òkè lè jẹ́ ẹrù wíwúwo fún ondíje. Lọ́dọ̀ wa, òun ló máa ń gbé e dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó.

Mo wá dé ibi tó ṣòro jù. Báwo la ó ṣe sọ pé olùdìbò kúrò lẹ́yìn ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn? Ẹni tó bá kánjú á kọ 'ìyípadà ìbò'. Kó gbé e sáfẹ́fẹ́ ní Arámọ̀kọ, kó sì gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. 'Wọ́n yí ìbò' túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe èrú. Ìbò tí a yí ni ó gbé ẹjọ́ ìdìbò gómìnà 2007 dé ilé-ẹjọ́ Ìlọrin. Kò sí ará Èkìtì tó dàgbà tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. 'Ìyípadà ọkàn' ńkọ́? Ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ẹni tó yí ọkàn padà ti kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó ń dìbò fún tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù tún burú ju ìyẹn lọ: aláìdúró-sójú-kan, alábòsí, ọ̀dàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ 'ọ̀dàlẹ̀' yìí, ó ti jó ilé rí. Akin Ọmọ́boríowó ọmọ Ìjerò-Èkìtì ni igbákejì gómìnà Ajáṣin ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, lábẹ́ UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìwé lórí ìlànà Awólọ́wọ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ sí ẹgbẹ́ NPN, ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ du ipò gómìnà. Ní oṣù kẹjọ 1983, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà kéde pé òun ló wọlé. Àwọn ènìyàn kò gbà. Wọ́n sun ilé, ẹ̀mí sì ṣòfò ní Àkúrẹ́ àti níbòmíràn, kí ilé-ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Ajáṣin. Èrú tí àwọn ènìyàn rí nínú ìkéde náà ló fa ìbínú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iná náà kò mọ sí ilé àwọn tó ka ìbò. Ó dé ilé àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé wọ́n wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ kejì lọ. Nígbà tí èdè bá ní orúkọ mẹ́wàá fún ẹni tó dalẹ̀, tí kò sì ní ẹyọ kan fún ẹni tó ro ọ̀rọ̀ dáadáa tó wá dìbò fún ẹlòmíràn, aládùúgbò á di ọ̀tá kí ó tó ṣe ohunkóhun. Mo gbà pé iṣẹ́ ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni láti wá orúkọ tí kò ní ẹ̀sùn nínú.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú ni 'ṣípò'. Olùkọ́ máa ń ṣípò láti iléèwé kan sí òmíràn, ìlú náà ṣípò rí, kò sì sí ẹni tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Olùdìbò tó ṣípò, ìbò tó ṣípò, ìṣípò olùdìbò. Ẹ kàn ṣọ́ra, kí ẹ má ṣe sọ ọ́ di 'papò dà', nítorí òkú là ń fi ìyẹn wí. Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ènìyàn kò tíì máa lò ó báyìí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 'ìbò' fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ babaláwo ló ti wá. Ohun tí a dì mọ́wọ́ ni, Ifá ló sì ń mú èyí tó bá wù ú. Nígbà tó yá ará ìlú ló wá ń mú, ọ̀rọ̀ náà sì bá wọn lọ láìsí ìjà.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ dán ọ̀rọ̀ 'ṣípò' wò. Ní 21 oṣù kẹfà 2014, Ayọ̀ Fáyòṣe ti PDP ní ìbò 203,090, Fáyẹmí ti APC tó wà lórí àga ní 120,433, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ló sì bọ́ sọ́wọ́ Fáyòṣe, títí kan ti Fáyẹmí fúnra rẹ̀. Ní 14 oṣù keje 2018, Fáyẹmí padà wá pẹ̀lú 197,459, Kọ́lápọ̀ Olúṣọlá ti PDP sì ní 178,121. Ní 18 oṣù kẹfà 2022, Bíọ́dún Oyèbánjí ti APC ní 187,057, Ṣẹ́gun Òní ti SDP ní 82,211, Bísí Kọ́láwọlé ti PDP ní 67,457.

Láàárín 2018 sí 2022, ìbò PDP fi ohun tó lé ní 110,000 dín. Akọ̀ròyìn tó bá kánjú á ní wọ́n ti ṣípò lọ sí APC. Ṣùgbọ́n ìbò APC náà fi ohun tó lé ní 10,000 dín. Ibo wá ni wọ́n lọ? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó jọ pé Òní ni wọ́n tẹ̀lé. Ọkùnrin ará Ìfàkì yìí ti ṣe gómìnà lábẹ́ PDP, ó lọ sí APC ní 2014, ó padà sí PDP, ó sì gun ẹṣin SDP ní 2022. Ẹni tó ń dìbò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣípò rárá. Ibi kan náà ló dúró sí, àmì orí ìwé ìdìbò ló ń yí. Òun la lè pè ní 'olùdìbò atẹ̀lẹ́ni'. Àwọn tó kù, ó jọ pé ọ̀pọ̀ wọn jókòó sílé, a sì gbọ́dọ̀ ní orúkọ tiwọn náà, 'ìbò tó jókòó sílé', nítorí àwọn ni ondíje kì í rántí títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ka èsì.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ díẹ̀. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè wọn, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aláwọ̀ funfun fi jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democrat paraku. Lẹ́yìn òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 àti òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ti 1965, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́dọ̀ Republican, ìran kan tẹ̀lé òmíràn. Ìṣípò gidi nìyẹn: olùdìbò fúnra rẹ̀ ló rìn.

Ṣùgbọ́n nínú ìdìbò, àdúgbò kì í ṣípò, àdúgbò máa ń fì. Mo fẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Bí ẹgbẹ̀rún kan bá ṣípò ní wọ́ọ̀dù kan, tí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sì dúró, wọ́ọ̀dù náà lè fì sí ẹgbẹ́ kejì láìjẹ́ pé gbogbo ènìyàn ibẹ̀ yí èrò padà. Ìpínlẹ̀ tí ará Amẹ́ríkà kò lè sọ ibi tí yóò já sí, 'ìpínlẹ̀ tó ń fì' ni. A kò gbọ́dọ̀ pe olùdìbò ibẹ̀ ní oníyèméjì. Oníyèméjì kò tíì pinnu. Olùdìbò tó ṣípò ti pinnu, ó sì lè tún ìpinnu ṣe ní ọdún mẹ́rin sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ará ìlú ṣẹ̀dá tí kò sí ọ̀mọ̀wé kankan nídìí rẹ̀: 'dìbò kó o sebẹ̀'. Èkìtì ni ó ti gbajúmọ̀, ní 2018, gbogbo Nàìjíríà sì gbà á lẹ́nu wa. Ó dára, ó dá ṣáká, kó wọ inú ìwé. Ṣùgbọ́n ìbò tí a fowó rà nìkan ni kó máa jẹ́. Wọ́n ti sọ ọ́ di èébú tí a fi ń bo gbogbo ará Èkìtì, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni tó ṣípò nítorí owó oṣù tí wọn kò san, tàbí nítorí ọ̀nà tó bàjẹ́. Ìyà ńlá ni fún olùkọ́ tó fi ìbò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, tí wọ́n ní ọbẹ̀ ló lọ sè.

Ìborí ńlá tí Gẹ̀ẹ́sì fi wé ilẹ̀ tó yẹ̀ látorí òkè, tí wọ́n ń pè ní 'landslide', kí a má ṣe gbé àfiwé náà wọ Yorùbá rárá. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n ń gbé láàárín òkè, àgbàrá kì í sì í ṣe eré fún wọn. 'Ó fẹ̀yìn wọn janlẹ̀' ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀fọ̀n yìí náà ni mo fẹ́ mẹ́nu bà kẹ́yìn. Ní 2022, Oyèbánjí borí ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀fọ̀n nìkan ló lọ fún PDP. Èsì náà mú kí Ẹ̀fọ̀n àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí Erio wà nínú rẹ̀, dà bí ọ̀tá méjì. Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni Bísí Kọ́láwọlé. Ọmọ Ìkógòsì ni Oyèbánjí, Ìkógòsì sì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì pẹ̀lú wa. 'Ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ kó ṣe é' bá ọ̀nà méjèèjì mu, ọ̀kan lábẹ́ ìgbálẹ̀ APC, èkejì lábẹ́ àbùradà PDP. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n ní kí n ka ìròyìn náà, mi ò ní sọ pé APC gba Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, PDP sì gba Ẹ̀fọ̀n. Ohun tí n ó kà ni pé: 'Àwọn olùdìbò Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì dúró ti ọmọ wọn, àwọn ti Ẹ̀fọ̀n dúró ti ọmọ tiwọn, iye àwọn tó ṣípò láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì ní ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, èsì yìí kò tíì sọ ọ́.'