Àwòrán Tó Ń Dán, Ìtàn Tí Kò Yéni: Àtúngbéyẹ̀wò Ẹjọ́ Tí Àwọn Òǹwòran Dá fún Akira

Gbólóhùn kan péré ni ẹjọ́ tí ọ̀pọ̀ òǹwòran dá fún Akira, fíìmù anime tí Katsuhiro Otomo darí, tí ó sì jáde ní Japan ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1988: àwòrán rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò yéni. Ẹni tó fẹ́ràn fíìmù náà ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti sọ ọ́ di ìmọ̀ràn fún ẹni tí kò tíì wò ó rí: wọ́n á ní kó jókòó, kó la ojú, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ ta ko ẹjọ́ yìí. Èrò mi ni pé Otomo mọ̀ọ́mọ̀ fi òǹwòran sínú òkùnkùn ni. Ó gbé wa sí ipò kan náà tí àwọn ọmọ inú ìtàn wà, ipò ẹni tí àwọn àgbà fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún, tí ìyà ohun tí wọ́n fi pamọ́ náà sì wá ń jẹ.

Lórí ọ̀rọ̀ àwòrán, kò sí àríyànjiyàn. Fíìmù náà gba ìṣẹ́jú 124, iye ewé ike tí wọ́n fọwọ́ ya tí wọ́n sì fọwọ́ kùn fún un sì lé ní 160,000. Ilé iṣẹ́ Tokyo Movie Shinsha ló ya á, Toho ló gbé e lọ sí sinimá. Ní Japan nígbà náà, wọ́n sábà máa ń ya àwòrán tán kí àwọn òṣèré tó wá fi ohùn sí i. Otomo dorí ètò yìí kodò: ó kọ́kọ́ gba ohùn sílẹ̀, àwọn ayàwòrán sì ya ẹnu tẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde. Oru ni ọ̀pọ̀ ìran rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, oru náà sì kún fún àwọ̀. Iná pupa ẹ̀yìn alùpùpù kì í kú lójú ẹsẹ̀; ó máa ń fà gùn lójú títì lẹ́yìn tí ẹni tó gùn ún ti kọjá. Orin ẹgbẹ́ Geinoh Yamashirogumi, tí Shoji Yamashiro ṣáájú, da gamelan ilẹ̀ Indonesia pọ̀ mọ́ ohùn eré Noh ti Japan, èémí ènìyàn sì wà nínú rẹ̀ káàkiri. Mo ka orin náà kún ara àwọn orin fíìmù tó dára jù lọ láyé, mi ò sì rò pé mo sọ àsọdùn.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn òǹwòran wọ̀nyí ni pé wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe kí àwòrán yè kí ìtàn sì kú. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn ọmọ inú fíìmù náà mọ̀ gan-an.

Ìtàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbúgbàù kan tí kò ní ohùn. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan yọ, ó gbòòrò, ó gbé Tokyo mì. Ọjọ́ tí fíìmù náà jáde sí sinimá gan-an ni ọjọ́ tí ìbúgbàù náà ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn. Lẹ́yìn ọdún 31, a bá ara wa ní Neo-Tokyo lọ́dún 2019, ìlú tuntun tí wọ́n kọ́ sórí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwókù ti àtijọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó fa ìbúgbàù náà fún wa. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún Kaneda àti Tetsuo náà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n dàgbà nílé ọmọ aláìlóbìí, tí wọ́n ń gun alùpùpù lóru, tí wọ́n sì ń bá ẹgbẹ́ mìíràn jà lójú títì. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ rí jákujàku, ògiri rẹ̀ kún fún ìkọkúkọ. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí a rí tí wọ́n fún wọn níbẹ̀ ni ìkúùkù tí olùkọ́ ń fi lu wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ológun mọ àṣírí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀ ọ́n. Àwọn olóṣèlú mọ ìdajì rẹ̀, wọ́n sì ń du owó lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ kò mọ nǹkan kan.

Tetsuo ni ìyà náà kọ́kọ́ dé bá. Alùpùpù rẹ̀ fẹ́ kọ lu ọmọ kan tí ojú rẹ̀ ti hun bí ti arúgbó, ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí ìjọba ń fi oògùn dán wò, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ní ọwọ́. Láti ọjọ́ náà ni agbára kan ti jí nínú Tetsuo. Àwọn ológun gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ ìwé nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó tì í láti sọ ohun tó ń ṣe é. Orí ń fọ́ ọ. Ó ń rí ìran. Ohun ìṣeré ọmọdé ń dìde lálẹ́ láti kọ lù ú lórí ibùsùn. Òǹwòran tó bá ní òun kò lóye ìran yìí ti sọ òótọ́, Tetsuo kò kúkú lóye rẹ̀.

Orúkọ Akira wà lẹ́nu gbogbo ará ìlú. Àwọn ẹlẹ́sìn ń retí rẹ̀ lójú pópó, Kọ́nẹ̀ẹ̀lì Shikishima ń bẹ̀rù rẹ̀, Tetsuo ń wá a bí ẹni pé òun ni yóò dá a lóhùn. Ó gbógun ti ẹnikẹ́ni tó dí i lọ́nà, ó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ Yamagata, ó sì dé ibi tí wọ́n sin Akira sí nínú òtútù, lábẹ́ pápá ìṣeré tí wọ́n ń kọ́ fún Òlíḿpíìkì. Ó fọ́ ilẹ̀kùn irin náà. Àwọn ìgò ló bá níbẹ̀. Inú ìgò wọ̀nyẹn ni ẹran ara àti iṣan Akira wà, ègé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe gé e.

Ìran yìí ni mo gbà pé ó jẹ́ ọkàn fíìmù náà. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo ìtàn kò sí níbẹ̀. Ọmọdé kan ni, àwọn àgbà sì ti gé e wẹ́wẹ́. Àwọn Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, òwe náà sì bá Tetsuo mu dé àyè kan, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ilé náà ti wó. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ṣe ju kó má kọ́ ọmọ lọ. Ó gé ọmọ àkọ́kọ́, ó fi í sínú ìgò, ó bo ilẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń kọ́ pápá ìṣeré lé e lórí. Nígbà tí ọmọ kejì wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sí àgbà tó lè dá a lóhùn láìtú àṣírí ara rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé fíìmù náà gbìyànjú láti ṣàlàyé. Òótọ́ ni. Nínú àtìmọ́lé, Kei, ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ tó ń ta ko ìjọba, sọ fún Kaneda pé agbára kan wà nínú gbogbo ohun abẹ̀mí, ó sì ní kó ronú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àmíbà bá ní agbára ènìyàn. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ka ọ̀rọ̀ yìí sí ìwàásù tó já lulẹ̀ lójijì. Kaneda fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ọ dáadáa, ojú Kei ló gbájú mọ́. Àlàyé wá, ṣùgbọ́n ó wá nígbà tí ẹni tó yẹ kó gbọ́ kò ní etí fún un, nítorí kò sẹ́ni tó ti ń bá a sọ òótọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ wá.

Àwọn tó ka ìwé kí wọ́n tó wo fíìmù ní ẹ̀sùn tiwọn, ẹ̀sùn náà sì le ju ti àwọn yòókù lọ. Otomo kan náà ló ya ìwé manga tí fíìmù náà ti jáde wá. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Young Magazine ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, ó sì parí ní 1990; nígbà tí wọ́n kó o jọ, ó di apá mẹ́fà tí ojú ìwé rẹ̀ lé ní 2,000. Wọ́n ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò lè wọnú fíìmù wákàtí méjì, àti pé ohun tó kù kò ju àkékù lọ. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ọdún wọ̀nyẹn. Ní 1988, ìwé náà kò tíì parí. Otomo kò ní ìtàn kan lódindi lọ́wọ́ tí ì bá gé kúrú. Ó ní láti wá òpin mìíràn fún fíìmù. Ohun tó ṣe sí Akira gan-an ló sì fi èrò ọkàn rẹ̀ hàn. Nínú ìwé, Akira wà láàyè: ọmọdékùnrin kan tó jí láti inú òtútù, tó ń rìn, tí àwọn ènìyàn ń jà lé lórí. Nínú fíìmù, Otomo mú un kúrò, ó fi ìgò rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń gé ìtàn nítorí pé àyè kò tó kì í gé ẹni tí ìtàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìpinnu ni, ìpinnu náà sì mú kí fíìmù náà sọ ohun tí ìwé kò sọ.

Mo gbà pé ọ̀nà tí fíìmù náà gbà dé òkè òkun dá kún ìdàrúdàpọ̀. Streamline Pictures ló gbé e dé Amẹ́ríkà ní òpin 1989 pẹ̀lú ohùn Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó ṣe ohùn Gẹ̀ẹ́sì mìíràn ní 2001; ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré, láti inú téèpù fídíò, ni ọ̀pọ̀ sì ti wò ó. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, òun ni anime àkọ́kọ́ tí wọ́n rí tí kì í ṣe ti ọmọdé. Kò yà mí lẹ́nu bí ojú wọn ṣe kún tán kí etí wọn tó gbọ́.

Àwọn onímọ̀ náà ti dá sí i. Freda Freiberg gbé fíìmù náà yẹ̀ wò lórí ẹwà tó ń dẹ́rù bani lẹ́yìn bọ́ǹbù átọ́míìkì. Susan Napier fi í wé Godzilla ti 1954. Thomas Lamarre so ìparun inú rẹ̀ mọ́ ètò ọrọ̀ ajé oníṣòwò ńlá. Iṣẹ́ wọn wúlò fún mi. Síbẹ̀ mo rò pé ẹni tó bá yára dárúkọ Hiroshima yóò fo nǹkan kan dá. Bọ́ǹbù ti 1945 wá láti ọwọ́ ọ̀tá tó ti òkè òkun wá. Ohun tó pa Tokyo nínú Akira jáde láti ara ọmọ ìlú náà, nínú yàrá ìwádìí ìjọba rẹ̀. Otomo, tí wọ́n bí ní 1954, kò fojú rí ogun. Ohun tí ìran tirẹ̀ fojú rí ni ìwọ́de ńlá tó ta ko àdéhùn ààbò pẹ̀lú Amẹ́ríkà ní 1960, Òlíḿpíìkì Tokyo ní 1964, ìjà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pẹ̀lú ọlọ́pàá ní òpin àwọn ọdún 1960, àti àwọn ọmọ alùpùpù tó gba ìgboro lẹ́yìn náà. Gbogbo wọn ló wà nínú fíìmù náà, láti orí tajútajú tó bo títì dé orí olóṣèlú tó ń ná owó sí eré ìdárayá nígbà tí ìlú ń gbóná.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè fara mọ́ èrò kan tó gbilẹ̀ láìpẹ́ yìí, pé wòlíì ni Otomo. Nínú fíìmù náà, pátákó kan ń ka iye ọjọ́ tó kù kí Òlíḿpíìkì Tokyo ti 2020 bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ 147. Ẹnìkan sì ti fi ọwọ́ kọ ọ́ sí i pé kí wọ́n fagi lé e. Nígbà tó ku ọjọ́ 147 gan-an sí Òlíḿpíìkì tòótọ́, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2020, ọ̀rọ̀ náà gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Japan, nítorí àrùn Kòrónà ti wọlé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n sún eré náà sí 2021. Mo mọ ìdí tí ara àwọn ènìyàn fi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é ní àsọtẹ́lẹ̀, a ti sọ ìbínú rẹ̀ di idán. Otomo fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé Japan ẹ̀yìn ogun ló wà lọ́kàn òun. Ìrántí ni: ó ti rí ìlú tó fi pápá ìṣeré tuntun bo ohun tí kò fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì béèrè ohun tó wà lábẹ́ pápá náà.

Ẹ̀sùn kan wà tí n kò lè gba fíìmù náà sílẹ̀ nínú rẹ̀, ti Kaori. Ọ̀rẹ́bìnrin Tetsuo ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì lù ú, wọ́n fa aṣọ rẹ̀ ya lójú títì; nígbà tó yá, ara Tetsuo tó ń wú, tó ń fa gbogbo nǹkan mọ́ra, gbé e mì, ó sì pa á. Láàárín ìyà méjì yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tó nǹkan. Òkùnkùn tí mo ti ń gbè lẹ́yìn láti òkè kò lè ṣàlàyé èyí, nítorí fíìmù náà mú wa wọnú àlá Tetsuo, ó mú wa wọnú ìgbà èwe rẹ̀, ó sì fún Kaneda ní ìrántí. Kò fún Kaori ní nǹkan kan. Ìwé fún un ní àyè díẹ̀ sí i, nítorí náà Otomo mọ̀ pé ènìyàn ni. Àwọn òǹwòran tí inú ń bí nítorí Kaori ni wọ́n rí àléébù tòótọ́ nínú Akira, ọ̀rọ̀ wọn kò sì tíì gba àyè tó yẹ kó gbà nínú ohun tí àwa lámèyítọ́ ń kọ. Ibẹ̀ ni kí ẹni tó bá tún fẹ́ dá fíìmù yìí lẹ́jọ́ ti bẹ̀rẹ̀.